Ọ́fíìsì ní ká yọ "ẹrú" kúrò nínú eré wa: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: "Ẹgbẹ́ eléré ni wá ní fásitì kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. A kọ eré ìtàgé lórí ogun Ìmàgbọ̀n tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà lọ́dún 1892. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gba ìwé eré náà, wọ́n sì fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún: ẹrú lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kèfèrí lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ àlè lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀bọ lẹ́ẹ̀mejì, àti èpè kan. Wọ́n ní 'ọ̀rọ̀ àìdáa' ni gbogbo rẹ̀, pé bí a ò bá yọ ọ́, a ò ní rí gbọ̀ngàn lò. Wọ́n ní ká fi 'ọmọ ọ̀dọ̀' rọ́pò ẹrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù. Àwọn kan nínú wa ní ká gbà, àwọn kan ní ká kọ̀ jálẹ̀. A fi àwọn ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ náà wà ránṣẹ́. Kí lẹ rí sí i?"

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ má sì kọ̀ jálẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́tàdínlógún yẹn kì í ṣe irú kan náà. Ọ́fíìsì dì wọ́n ní ìdì kan, wọ́n sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ àìdáa. Bí ẹ̀yin náà bá gbèjà wọn ní ìdì kan, ẹ ó pàdánù gbogbo rẹ̀ pọ̀, àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ dì mú àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ti fi sílẹ̀ tipẹ́.

Yorùbá ti ya ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún wa kí ọ́fíìsì kankan tó wà. Èébú wà, èpè wà, ìsọkúsọ wà, orúkọ ipò náà sì wà, èyí tó máa ń dà bí èébú létí àwa tá a wà láyé lónìí. Ẹrú ní 1892, orúkọ ipò ni. Kò di èébú àfi ìgbà tí wọ́n bá pe ọmọ tí kì í ṣe ẹrú bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mú ìwé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ẹ pín in sí òpó mẹ́fà: ojú ìwé, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí, irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́, ohun tí ìran náà máa pàdánù bí a bá yọ ọ́, àti ohun tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí ṣe lẹ́yìn tó gbọ́ ọ. Òpó kẹfà yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá bú ènìyàn lórí ìtàgé tí kò fèsì, tí kò sunkún, tí kò wo ẹni tó bú u, tí ìran kàn kọjá lọ, òǹkọ̀wé gan-an ló bú u. Irú èyí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ, bí ọ́fíìsì rí i, bí wọn ò rí i.

Mo ti kà á nínú àwọn ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Nínú ẹrú mẹ́sàn-án, márùn-ún wà níbi tí oníṣòwò ti ń ka àwọn tó fẹ́ tà létí ọ̀sà. Méjì wà lẹ́nu ìyálé tó ń pe ọmọbìnrin inú agbo ilé. Méjì tó kù wà lára Àjàní, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ gbèsè tó sì fi í sí ọ̀dọ̀ olówó. Àṣìṣe tiyín nìyí, ọ́fíìsì kò tilẹ̀ mọ̀: Àjàní kì í ṣe ẹrú, ìwọ̀fà ni. Ọmọ ìlú tó ní òmìnira ni ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló dúró fún èlé orí gbèsè, ọjọ́ tí wọ́n bá sì san owó náà, ó di ti ara rẹ̀, ó ń lọ sílé. Olówó rẹ̀ kò lè tà á. Ẹrú, wọ́n rà á ni, tàbí wọ́n kó o lógun, wọ́n sì lè tún un tà. Ẹ tún ibi méjèèjì yẹn ṣe lónìí. Tí ìyálé bá wá bínú pe Àjàní ní ẹrú ní ìran kẹta, èébú gidi ló di yẹn, gbogbo agbo ilé á sì yíjú wò ó. Ẹ rí i pé títọ́ ìtàn sọ́nà ti fún yín ní ìran tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ọmọ ọ̀dọ̀" tí ọ́fíìsì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ ńkọ́? Ẹ kọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ń gba owó oṣù, ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà, ó lè bínú kó kó ẹrù rẹ̀. Bí oníṣòwò etí ọ̀sà bá dúró lórí ìtàgé tó ní "ọmọ ọ̀dọ̀ méjìlá ni mo fẹ́ tà," àwọn òǹwòran á rẹ́rìn-ín. Ìran tó burú jù nínú ìtàn wa á wá di ẹ̀fẹ̀, irọ́ ni ẹ ó sì ti pa mọ́ àwọn tí wọ́n tà. Ìjẹ̀bú ló wà láàárín òkè àti ọ̀sà. Ọjà ń gba ọwọ́ wọn kọjá, ènìyàn sì wà lára ọjà náà. Kò yẹ ká bo èyí mọ́lẹ̀ nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ wa wà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n ẹ fún ẹrú náà ní ẹnu. Nínú ojú ìwé tí mo rí, ọmọbìnrin tí ìyálé ń pè ní ẹrú kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jálẹ̀ eré. Yorùbá ti fún un ní èsì: "Ẹrú kú, ìyá ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú náà ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀." Ẹ má jẹ́ kó pariwo rẹ̀. Kó máa gbálẹ̀ lọ, kó sọ ọ́ sí ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, kí ìyálé gbọ́. Bí ẹ bá fi ìran yẹn hàn ọ́fíìsì, àlàyé tí ẹ máa ṣe lórí lílo ọ̀rọ̀ náà kò ní pọ̀ mọ́.

Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ rí ohun kan nínú ìtàn yìí tó jẹ́ pé ó gbè yín lẹ́yìn ju òfin lọ. Àbùkù ló dá ogun náà sílẹ̀, tàbí ohun tí òyìnbó pè ní àbùkù. Ní May 1891, Denton tó ń dèlé gómìnà Èkó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ kí Ìjẹ̀bú ṣí. Awùjalẹ̀ Túnwàṣe kò gba ẹ̀bùn tó gbé wá, ọ̀nà kò sì ṣí. Ìjọba òyìnbó ní wọ́n fi àbùkù kan aṣojú àwọn, àfi kí Ìjẹ̀bú tọrọ àforíjì. Ní January 1892, wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú àwọn aṣojú Ìjẹ̀bú ní Èkó: kí ọ̀nà ṣí, kí ìjọba sì máa san £500 lọ́dún fún Awùjalẹ̀ dípò owó ibodè. Nígbà tó fi máa di May ọdún yẹn, ọmọ ogun Colonel Scott ti gba Ẹ̀pẹ́ wọlé pẹ̀lú ìbọn Maxim. Eré tó bá fẹ́ sọ ìtàn yìí tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ ti fa gbòǹgbò ìtàn náà tu. Ẹ kọ gbólóhùn yìí sínú lẹ́tà yín.

Ọ̀bọ méjèèjì tí ọ̀gá ọmọ ogun òyìnbó fi pe àwọn jagunjagun Ìjẹ̀bú ńkọ́? Lóòótọ́, irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń wò wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kọ ọ́ kò bá ìtàn mu: òyìnbó yín ń fi Yorùbá tó já gaara búni. Níbo ló ti kọ́ ọ? Ògbufọ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ mú ògbufọ̀ wọlé, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá náà á sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lédè òyìnbó, gbólóhùn gígùn, kíákíá, láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ògbufọ̀ á yanu, á tún pa á dé. Ẹ jẹ́ kí òṣèré náà ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú ọkàn rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ yára. Lẹ́yìn náà ló máa dọ̀bálẹ̀, á ní, "Kábíyèsí, wọ́n ní àwọn kí yín." Ọba á wò ó títí, á ní, "Gbólóhùn tó gùn tó báyìí, ìkíni nìkan ló wà nínú rẹ̀?" Ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì nínú òǹwòran ti mọ ohun tí wọ́n sọ. Ẹni tí kò gbọ́ rí i lójú ògbufọ̀. Èébú náà dún ju ìgbà tí ẹ pè é lọ, ọ́fíìsì kò sì ní rí ọ̀rọ̀ tó máa fi bírò pupa fa ìlà sí. Kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè o. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láàárín ọba wa àti òyìnbó nìyẹn, ògbufọ̀ ló wà láàárín wọn.

Kèfèrí mẹ́ta: ẹ wo ọdún. Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ọ̀nà Háúsá ló gbà dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn ajíhìnrere onígbàgbọ́ náà sì gbà á lò. Ìjẹ̀bú kò gba àwọn ajíhìnrere láyè títí ogun fi jà. Nítorí náà, oníwàásù tó dúró láàfin ní 1890 tó ń pe àwọn ìjòyè ní kèfèrí, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ méjì tó wà ṣáájú ogun. Ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ ní ìran ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ìlú ti ṣubú, nítorí ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn wọlé wá jókòó lóòótọ́.

Ọmọ àlè: èkíní wà láàárín ìjòyè méjì tó ń du oyè. Ẹ̀sùn ni níbẹ̀, ó ń bèèrè ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí oyè náà. Ẹ dì í mú. Èkejì, jagunjagun kan kàn fi ń dá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lóhùn. Ẹ yọ ọ́, kò ṣe nǹkan kan níbẹ̀, ìyá òṣèré yẹn sì lè jókòó nínú gbọ̀ngàn.

Èpè náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ òǹwòran Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò gbà pé èpè orí ìtàgé kì í jà. Ìgbàgbọ́ yìí yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un, kò sì yẹ ká pè é ní àìlajú. Ohun mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe. Ẹ má lo ọfọ̀ tí ẹ gbà lẹ́nu àgbà tàbí tí ẹ dà kọ láti inú ìwé. Ẹ fọwọ́ ara yín kọ èyí tó ní ìró ọfọ̀ àmọ́ tí kò dárúkọ ewé, ẹranko tàbí irúnmọlẹ̀ tó ń fún un lágbára. Èkejì, orúkọ inú eré ni kí wọ́n fi ṣépè, kí orúkọ òṣèré má bọ́ síbẹ̀ rárá, kódà nígbà rìhásà. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tó ń ṣépè kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun gbà lọ. Kó má nàka sí ènìyàn lórí ìtàgé, kó má sì nà án sí òǹwòran láéláé. Bí orò, àgẹmọ tàbí Òṣùgbó bá wà nínú eré yín, ẹ pe àgbà ìdí rẹ̀ kó gbọ́ ìran yẹn kí ọ́fíìsì tó gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí bírò pupa kò kàn rárá: Gàm̀bàrí. Ó wà lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ojú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́. Ọmọ ogun Háúsá wà lára àwọn tó bá òyìnbó wá lóòótọ́, orúkọ tí àwọn bàbá wa sì fi ń pè wọ́n nìyẹn. Ẹ lè fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Ṣùgbọ́n "màlúù" tí ẹ so mọ́ ọn ní ìran karùn-ún, ẹ yọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ láti òkè Ọya wà nínú ọgbà yín, kò sì sí ẹni tó fèsì fún wọn nínú eré náà. Ọ́fíìsì máa ń rí ọ̀rọ̀ tó ń dun etí. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá èyí tó ń dun ọkàn.

Tí ìwé òpó mẹ́fà yẹn bá ti pé, ẹ kọ lẹ́tà ojú ìwé kan. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ yín fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ́fíìsì, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín, àti ọwọ́ ẹni tó ń darí ìtàgé. Ohun tí ẹ ti yọ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Nínú mẹ́tàdínlógún, ẹ ti lè ka méjì ìwọ̀fà tí ẹ tún ṣe, kèfèrí méjì, ọmọ àlè kan, àti ọ̀bọ méjì. Méje nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá sọ ìdí tí mẹ́wàá tó kù fi gbọ́dọ̀ dúró, ìlà kan fún ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rán ẹni méjì wá sí rìhásà, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òṣèré. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí bébà máa ń le ju ti orí ìtàgé lọ nítorí kò ní ojú. Tí wọ́n bá sì tún kọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ojú ìwé, ìlà, àti ìdí.

Ìdí yẹn wúlò gan-an, torí nígbà míì ọ̀rọ̀ náà kọ́ ló ń já wọn láyà. Hubert Ogunde, ọmọ Òṣoṣà níbí, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, òfin náà kò sì ká kúrò títí di 1966 lẹ́yìn tí àwọn ológun gbàjọba. Kì í ṣe èébú ló fa èyí. Àwọn tó wà lórí àga rí ara wọn nínú eré náà. Nítorí náà, ẹ bèèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: ṣé ìjòyè kan nínú eré yín jọ ẹnì kan tó wà nípò lónìí? Ìdílé mẹ́rin ló ń jọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, Awùjalẹ̀ yòówù tí ẹ bá sì gbé sórí ìtàgé, àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé. Ẹ mú ìran ààfin lọ bá àgbà ìdílé náà kó gbọ́ ọ. Lẹ́tà ojú ìwé kan láti ọ̀dọ̀ wọn máa ń ṣílẹ̀kùn tí àwíjàre ogún ojú ìwé kò lè ṣí.

Lórí òfin, ṣókí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 39, fún yín ní ẹ̀tọ́ láti sọ èrò yín. Abala 45 fàyè gba òfin tó lè dín in kù. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tí ìjọ dá sílẹ̀ ní ìwé ìlànà tí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ sí, abala 39 kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní kíláàsì ni kẹ́ ẹ fi jà. Àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú eré orí ìtàgé, àmọ́ bí ẹ bá fẹ́ ta fídíò rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé e lọ bá wọn. Tó bá sì jẹ́ eré ẹlòmíì lẹ fẹ́ ṣe lọ́jọ́ iwájú, ẹ má yọ ọ̀rọ̀ kankan láìgbàṣẹ: òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti 2022 fún òǹkọ̀wé lágbára láti kọ̀ bí wọ́n bá ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà sì ń wà fún àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwọn òṣèré yín ló kù, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń bàjẹ́ jù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pe ọ̀rọ̀ náà nígbà tí wọ́n bá ń há ìlà wọn sórí. Kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan dípò rẹ̀. Ẹ mú ọ̀rọ̀ gan-an wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí gbogbo wọn ti mọ ìtumọ̀ ìran náà. Kí ẹni tó ń darí ìtàgé sọ "a wọlé" kí ìran tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ "a jáde" tó bá parí. Lẹ́yìn "a jáde", ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré mọ́. Ọmọbìnrin tó ṣe ẹrú lè di "ẹrú" ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí ó fi máa jáde ilé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. Ẹ má sì fi ipò ẹrú fún akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí kì í ṣe Yorùbá láàárín yín. Mo rí i nínú àkójọ orúkọ òṣèré tó wà lẹ́yìn ìwé eré yín pé ohun tí ẹ ṣe nìyẹn. Ẹ yí i padà.

Àsọkún ni ewu kejì. Òṣèré wa fẹ́ràn láti fi tirẹ̀ kún un tí òǹwòran bá ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ́fíìsì á fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, wọ́n á gbọ́ mẹ́rìnlá, wọ́n á sì gbà pé ẹ tan àwọn jẹ. Ẹyin lohùn. Kí òṣèré kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i pé iye tó wà nínú ìwé ni iye tó máa jáde lẹ́nu òun.

Ẹ kọ ìkìlọ̀ sára pósítà àti tíkẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n sì kà á kí aṣọ ìtàgé tó ká: "Ọ̀rọ̀ òwò ẹrú àti ogun 1892 wà nínú eré yìí, àti èébú tí wọ́n ń lò nígbà náà. Kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá." Ẹ bẹ òǹwòran kí wọ́n má fi fóònù ká ìran etí ọ̀sà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ìran yẹn lórí WhatsApp láìsí ìyókù rẹ̀ á sọ yín di ẹni tó ń ta ènìyàn. Ẹni méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ni kó máa ṣọ́ èyí. Lẹ́yìn eré, ẹ fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún ìbéèrè, kí olùkọ́ ìtàn kan sì wà níbẹ̀.

Bí ọ́fíìsì bá ta kú pátápátá, ẹ yí i sí kíkà: ẹ jókòó sórí àga mẹ́wàá nínú kíláàsì, kẹ́ ẹ ka eré náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ yín darí rẹ̀. Mo fẹ́ èyí ju kẹ́ ẹ lọ gba gbọ̀ngàn níta kẹ́ ẹ sì fi orúkọ fásitì sára pósítà láìgbàṣẹ, nítorí ẹjọ́ á wá di ti orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹrú á sì di ìgbàgbé. Ẹ má gbà kí wọ́n yọ ìran etí ọ̀sà nìkan kí ìyókù máa lọ. Tí ó bá di bẹ́ẹ̀, ẹ sún eré náà síwájú.

Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, àwọn eléré Aláàfin sín òyìnbó jẹ lójú rẹ̀: aláwọ̀ funfun tínínrín tí òtútù ń mú, tó ń rìn gẹ̀ẹ́rẹ́gẹ̀ẹ́rẹ́, tó ń fín aṣáárà. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ọba kì í pọ̀kọrin. Bí ẹ bá fẹ́ gbólóhùn tí ẹ máa fi ṣíde ọ̀rọ̀ yín nígbà tí ọ́fíìsì bá wá sí rìhásà, ẹ lo ìyẹn, kẹ́ ẹ tó jẹ́ kí ọmọbìnrin onígbàálẹ̀ wọlé. Ẹ fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì yìí tó dé, kí ọ́fíìsì lè ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.